Ẹ̀ṣẹ́ Ìgboro Kò Kọ́ Karáté

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní karáté, júdò àti táékwọndò ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù lálẹ́ òní, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sanwó lóṣooṣù kí ọmọ yín lè mọ bí a ṣe ń gba ara ẹni sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀ṣẹ́ ẹni tí kò kọ́ ìjà níbì kankan rí.

Ẹ ya dójò kan, ìyẹn ilé ìkọ́ṣẹ́ ìjà, wò lọ́sàn-án Sátidé, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ láti dènà ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbá ẹ̀ṣẹ́ á kọ́kọ́ tẹríba fún ẹnìkejì rẹ̀. Á sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, á di ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ìbàdí, á pariwo lẹ́ẹ̀kan, á gbé ìgbésẹ̀ gígùn kan síwájú, á wá na ẹ̀ṣẹ́ náà gbọọrọ sí ọ̀gangan imú. Bó bá ti nà án tán, á fi ọwọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀ títí ẹnìkejì yóò fi dènà rẹ̀, tí yóò sì dá tirẹ̀ padà. Ó lẹ́wà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń kọ́ ọmọ bí ẹsẹ̀, ìbàdí àti èjìká ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbá èèyàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ báyẹn ní ibùdókọ̀? Ọmọ tó kọ́ èyí nìkan, tó wá bá ìjà pàdé ní Ìwó Róòdù ní Ìbàdàn, dà bí ẹni tó kọ́ Yorùbá nínú Bíbélì nìkan, tí a wá ní kó lọ ná ata ní ọjà Bódìjà.

Ìjà ìgboro kì í fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ló fi ń bẹ̀rẹ̀. "Ta lò ń bá wí?" "Ṣé èmi lo sọ̀rọ̀ sí bẹ́ẹ̀?" "O ò mọ̀ mí ni!" Bí ẹnu ṣe ń lọ ni ẹsẹ̀ ń sún mọ́ ara wọn, títí ìka fi ń jó níwájú ojú, tí àyà fi kan àyà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa di ẹ̀ṣẹ́, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì kì í tó gígùn apá kan mọ́. Ní dójò, ó kéré tán, ìgbésẹ̀ gígùn kan ló máa ń wà láàárín ẹni méjì, àlàfo yẹn sì ni ojú ọmọ ti mọ́. Ibẹ̀ ló ti ń ríran. Bí èèyàn bá ti wọ inú rẹ̀, tó ń pariwo sí i létí, tí itọ́ ẹnu rẹ̀ ń ta sí i lójú, ọmọ náà kò mọ ibi tí yóò máa wò mọ́.

Ọwọ́ òsì ló sábà máa ń ṣáájú, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ lù. Ọrùn aṣọ ló wá dì mú. Ọ̀tún ló ń tẹ̀ lé e, nítorí pé bíi mẹ́sàn-án nínú èèyàn mẹ́wàá ló ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀tún yìí kì í gba àárín wá. Láti ẹ̀yìn etí ẹni tó ni ín ló ti ń fì í bọ̀, á yí gba ẹ̀gbẹ́, etí ẹni tàbí àgbọ̀n ẹni ló ń lọ. Orí rẹ̀ ti tẹ̀, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, gbogbo ara rẹ̀ ló ń bá ẹ̀ṣẹ́ náà bọ̀. Kì í sì í ṣe ẹyọ kan ló máa gbá. Ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀nà kan náà, títí nǹkan kan yóò fi dá a dúró. Ìfọ́tí náà ń gba ọ̀nà yìí. Ẹ̀yin obìnrin tó ń gbọ́ mi mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ.

Kí ló dé tí ẹ̀ṣẹ́ tí kò ní ọgbọ́n kankan nínú yìí fi ń ba ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́pọ̀ ọdún? Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ń retí kí ọwọ́ náà dúró díẹ̀ kó lè dá tirẹ̀ padà, ọwọ́ náà kò sì dúró. Ó ń ṣọ́ ẹ̀tàn, bẹ́ẹ̀ ẹni iwájú rẹ̀ kò ní ẹ̀tàn kankan. Ẹ̀ṣẹ́ tó tọ́ ló kọ́ láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó tẹ̀ sì ń yí ká ọwọ́ ìdènà, ó ń dé ìpàkọ́. Bó bá sì rí ẹ̀ṣẹ́ náà dènà, ara tó ń bá a bọ̀ kò dúró. Á já lù ú, àwọn méjèèjì á gba ara wọn mọ́ra, wọ́n á sì wà níbi tí wọn kò ti kọ́ ọ ní ohunkóhun rí.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ojú bá rí nǹkan títí ọwọ́ yóò fi gbéra, ó ń gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn bó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo ni ọwọ́ ní láti ṣe. Ní 1952, William Hick, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí ohun tí èèyàn ní láti yàn láàárín wọn bá ṣe ń pọ̀ tó ni ìdáhùn rẹ̀ ń pẹ́ tó. Ẹ̀ṣẹ́ tó gbéra nítòsí tó bẹ́ẹ̀ kò ní dúró de ọmọ tó ń ronú bóyá ìdènà òkè ni tàbí ti ìsàlẹ̀, tàbí ti inú. Ọmọ tó mọ ìdènà méjìlá lè pẹ́ ju ọmọ tó mọ ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́líìtì búráùn kan ni, ara rẹ̀ yá, ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ níbi ìdíje. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó wọ ṣòkòtò jíǹsì àti bàtà rẹ̀, kó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó wá pe ọmọ tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀, ó fún un ní ìbọ̀wọ́ ńlá, ó ní, "Ìwọ ni kọ́ńdọ̀ ọkọ̀ èrò. Owó ẹ kò pé." Ọmọ náà kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó wá bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀gá, owó mi dà? Mo ní owó mi dà! Ṣé bàbá ẹ ló ni mọ́tò ni?" Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti di aṣọ rẹ̀ mú. Bẹ́líìtì búráùn ń wo ọwọ́ tó dì í láṣọ mú, ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sì ti fà lọ sí ìbàdí fúnra rẹ̀, bí a ṣe kọ́ ọ. Ibi tí ọwọ́ yẹn wà ni ìbọ̀wọ́ ti bà á létí. Ó tún bà á. Ó tún bà á. Àwọn tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kò rẹ́rìn-ín, nítorí kálukú ti ń wo ọwọ́ tirẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ìṣòro tuntun. Ankō Itosu, àgbà olùkọ́ ní Okinawa, erékùṣù kan ní Japan, wà lára àwọn tó mú karáté wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní erékùṣù náà. Ní oṣù kẹwàá 1908, ó kọ lẹ́tà kan tó ní kókó mẹ́wàá sí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́. Ó là á yé wọn níbẹ̀ pé karáté kò wà fún kí ẹnì kan máa fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ figa gbága. Fún ọjọ́ tí jàǹdùkú tàbí oníwà burúkú bá ká ni mọ́ ni, kí a lè fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yẹra fún ìpalára. Jàǹdùkú ló ní lọ́kàn. Kò ronú kan ọmọ dójò kejì.

Gichin Funakoshi, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Itosu, lọ fi karáté han àwọn ará Tokyo ní 1922, iṣẹ́ náà sì wọ àwọn yunifásítì ibẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ kan bá ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó tò ní ìlà, ó di dandan kí ẹ̀ṣẹ́ ní ìlànà, kí ẹnikẹ́ni má fọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yín. Ìdíje dé lẹ́yìn náà, títí karáté fi wọ Olympics ní Tokyo ní 2021. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí jàǹdùkú inú lẹ́tà Itosu ṣe rọra jáde kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà nìyẹn, tí ẹlẹgbẹ́ tó kọ́ṣẹ́, tó wẹ̀, tó wọ aṣọ funfun, gba ipò rẹ̀.

Ẹnì kan wà ní Okinawa tí kò jẹ́ kí jàǹdùkú lọ. Chōki Motobu ni, wọ́n bí i ní 1870. Ó máa ń lọ sí Tsuji, àdúgbò fàájì ní ìlú Naha, láti dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò lára ẹni tó bá fẹ́ jà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tó gorí pèpéle ní Kyoto, tó sì dá abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò òyìnbó kan dùbúlẹ̀. Ìwé ìròyìn Kingu gbé ìtàn náà jáde ní 1925. Ẹ wo àwòrán inú ìwé tí Motobu fúnra rẹ̀ ṣe ní 1926: ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló wà níwájú, ọ̀kan sún mọ́ ìgbọ̀nwọ́ èkejì, òun náà sì sún mọ́ ẹni tó ń bá jà gan-an. Kò sí ọwọ́ kankan tó ń sinmi ní ìbàdí. Àwọn oníjúdò náà kò gbàgbé: nínú ọgbọ́n ìgbara-ẹni-là tí Kōdōkan, ilé júdò tí Jigorō Kanō dá sílẹ̀ ní 1882, tò jáde ní 1956, ẹ̀ṣẹ́ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí ẹ̀bátí wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó sọnù ní dójò wa, lójú tèmi, ni iṣẹ́ ẹni tó ń gbá ẹ̀ṣẹ́. A ń kọ́ ẹni tó ń dènà, a ń tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, a ń tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń gbá ẹ̀ṣẹ́, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kọ́ńdọ̀ tó ń bínú. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni olùkọ́ ẹnìkejì. Bó bá gbá ẹ̀ṣẹ́ onírẹ̀lẹ̀, ìdènà onírẹ̀lẹ̀ ni ẹnìkejì yóò mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tuntun yín ṣòfò. Kí ẹ tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń na ẹ̀ṣẹ́ tó tọ́, ẹ lò wọ́n. Wọ́n ní ohun tí àwọn bẹ́líìtì dúdú yín ti sọ nù láti ọdún pípẹ́: ẹ̀ṣẹ́ gidi ti ará ìgboro. Ẹ fún wọn ní ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ti 16 ounce ló dára, ẹ fi akoto àti ìdáàbòbò ẹnu sí ẹnìkejì, ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ẹnu bẹ̀rẹ̀. Ẹnu yẹn ṣe pàtàkì. Olùkọ́ tó bá fò ó, tó ní kí wọ́n sáà máa gbá ẹ̀ṣẹ́, ti gbàgbé pé ẹnu ni ìbẹ̀rù ń gbà wọlé, ìbẹ̀rù ló sì ń so ọwọ́. Kí wọ́n di aṣọ mú. Kí wọ́n má fi ọwọ́ sílẹ̀ lókè lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́. Kí wọ́n má dúró lẹ́yìn ẹ̀kíní.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan wà nínú díẹ̀díẹ̀ yìí: bí ọwọ́ bá ṣe ń falẹ̀, ẹni tó ń gbá a á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n, á rí àyè, á yí ọ̀nà padà. Ẹ kọ̀ fún un. Ẹ̀ṣẹ́ lè falẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìbínú ń gbà ni kó gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ fi iyára kún un. Kí ẹnìkejì fẹ̀yìn ti ògiri. Kó mú fóònù dání. Kó wọ bàtà, nítorí pé gbogbo ohun tí a kọ́ ní ẹsẹ̀ lásán ń yí padà bí bàtà bá wà lẹ́sẹ̀ àti bí ilẹ̀ bá jẹ́ kóńkéré.

Ẹ tún fi onílàjà síbẹ̀. N kò tíì rí dójò tó ń ṣe èyí, ó sì yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa. Ìjà kì í bẹ́ lójú títì kí èèyàn má sáré wá làjà, ẹni tó sì wá làjà, ìwọ tó fara balẹ̀ ni yóò dì mú, nítorí pé ìwọ lo rọrùn láti dì mú. Á gbá ọ mọ́ra láti ẹ̀yìn, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run," ọwọ́ ẹ méjèèjì á wà lábẹ́ apá rẹ̀, kọ́ńdọ̀ á sì rí ojú ẹ gbà. Yorùbá ní onílàjà ní ń fara gbọgbẹ́. Nínú ìjà wa, ẹni tí onílàjà dì mú náà ń gbọgbẹ́. Ẹ kọ́ ọmọ láti fi ẹ̀yìn sún mọ́ ògiri ṣáájú kí èrò tó pé, àti láti mọ bí a ṣe ń yọ apá kúrò lábẹ́ ẹni tó dì wá mú láìṣe onílàjà léṣe.

Kí ni ọmọ yóò wá ṣe sí ẹ̀ṣẹ́ náà? Ohun kan ni mo fẹ́ kó mọ̀ dáadáa, kó tó kan ìyókù. Bí nǹkan bá já lu èèyàn lójijì, ọwọ́ máa ń fò lọ bo orí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Tony Blauer, olùkọ́ ìgbara-ẹni-là ará Kánádà, gbé gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ ka orí ìjayà yìí, ó sì tọ̀nà: ohun tí ara yóò ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí a bá a tún ṣe. Ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì sókè, kó nà síwájú. Àtẹ́lẹwọ́ lé orí. Àgbọ̀n mọ́ àyà. Ojú ń wo àyà ẹni iwájú. Kó wá wọlé. Mo tún un sọ: kó wọlé, kó má ṣe fà sẹ́yìn. Agbára ẹ̀ṣẹ́ tí a fì wà ní ìkúùkù, níbi tí ọwọ́ ti ń yára jù. Bí o bá ṣe ń sún mọ́ èjìká rẹ̀ tó ni agbára náà ń dín kù tó. Ẹni tó bá fà sẹ́yìn díẹ̀ ń fi etí rẹ̀ sí ibi tó gbóná jù nínú rẹ̀ ni.

Ìgbọ̀nwọ́ tó wà lókè yẹn náà ń jà. Egungun ìka ọwọ́ kò lágbára tó egungun ìgbọ̀nwọ́ tàbí ti iwájú orí. Mike Tyson, tó jẹ́ ọ̀gá abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ìwọ̀n tó wúwo jù lágbàáyé nígbà náà, gbá Mitch Green, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ní àdúgbò Harlem ní New York ní oṣù kẹjọ 1988, láìsí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, egungun ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún Tyson, kí ni yóò ṣe ọwọ́ kọ́ńdọ̀ tó di ojú gbá orí ìgbọ̀nwọ́ ọmọ yín?

Bó bá ti wọlé tán, gídígbò ló kù. Kó gbá apá tó ń fì yẹn mọ́ra lókè ìgbọ̀nwọ́, kó fi orí ti ibi àyà rẹ̀, kó dúró gírí. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ júdò ti ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ karáté ń sọ pé kò sí nínú ìwé àwọn. Ẹ lọ yá olùkọ́ júdò tó wà ní òpópónà kejì. Kò ní kọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́líìtì búráùn yẹn ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá, ó gba ìbọ̀wọ́ sí ìgbọ̀nwọ́, ó gbá ọmọ tuntun mọ́ra, ó yí i sí ògiri, ó sì jáde gba ojú ilẹ̀kùn. Olùkọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbá ẹ̀ṣẹ́ kankan padà. Ìjáde yẹn ni máàkì.

Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ wà. Ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Geoff Thompson, tó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé fàájì fún ọdún púpọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí èèyàn máa fi àtẹ́lẹwọ́ síwájú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń gbóná, kí ọwọ́ wà láàárín láìjọ ti oníjà. Àwa ti ní in tẹ́lẹ̀. Bí Yorùbá bá ń bẹ èèyàn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló máa wà níwájú àyà. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, ẹ má bínú." Ọwọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn ti wà láàárín ìkúùkù rẹ̀ àti ojú rẹ. Kí ọmọ fi kọ́ra, kó fi ohùn òtítọ́ bẹ̀bẹ̀, kó sì san náírà tí wọ́n ń jà lé lórí bó bá ní i. Ṣùgbọ́n kó má tẹríba. Ẹni tó ń bínú kò yẹ kó rí orí ẹ nísàlẹ̀.

Òfin náà ń béèrè ìwọ̀n. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà tí a ń pè ní Criminal Code, ní abala 286, gbà kí ẹni tí wọ́n kọlù láìtọ́, tí kò sì fa ìjà náà, lo ìwọ̀nba agbára tó yẹ láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀nba ni mo sọ. Ẹ̀ṣẹ́ kan lè mú kí èèyàn ṣubú gbalaja, kí ìpàkọ́ rẹ̀ sì ba etí gọ́tà. Ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà, lẹ́yìn tí ẹ̀ṣẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti pa àwọn ọ̀dọ́ ní Sydney, wọ́n ṣe òfin ní 2014 tó lè fi ẹni tó gbá irú ẹ̀ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n ogún ọdún. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ kọ́ wọn láti gbá ọwọ́ mọ́ra, kí wọ́n sì lọ, nìyẹn.

Ohun kan kù tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Akoto kò dáàbò bo ọpọlọ tó bí ẹ ṣe rò. Ojú àti awọ orí ló ń dáàbò bò jù. Ẹ̀kọ́ tí mo ń sọ yìí, kó máa jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó má ṣe jẹ́ ojoojúmọ́. Àwọn ọmọdé kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀ṣẹ́ sórí rárá: ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká ni kí ẹ̀ṣẹ́ ti wọn mọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé orí ń fọ́ òun lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tó ń bì, ẹ má fi omi tútù àti ẹ̀rín ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kó má sì padà sí ẹ̀kọ́ títí dókítà yóò fi ní kó padà. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ọmọ yín, ṣáájú kí ẹ tó san owó oṣù tó ń bọ̀, ta ni yóò máa wo orí ọmọ nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá ń lọ.